Bí Ọ́fíìsì Bá Rán Yín Lọ sí Johannesburg, Ẹ Yà ní Turffontein

Ẹni tí ọ́fíìsì fẹ́ rán lọ sí Johannesburg ni mo ń bá wí lónìí. Ẹ̀yin tí wọn ò rán, ẹ má pa rédíò yín. Ẹ̀yin lẹ máa ń fi ẹrù rán ẹni tí wọ́n rán, ọ̀rọ̀ náà sì kàn yín gan-an.

Ká sòótọ́, Yorùbá mọ iṣẹ́ ẹ́ ṣe, a sì mọ òde é lọ. Àmọ́ kéèyàn kàn jókòó, kó máa wo omi, kó má ṣe nǹkan kan, ìyẹn ò tíì yé wa. Ilé iṣẹ́ ńlá bíi MTN àti MultiChoice, Johannesburg ni wọ́n fi ṣe ibùjókòó, ọ̀pọ̀ ọmọ wa sì ni wọ́n ti rán lọ síbẹ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìpàdé. Láti Èkó, bíi wákàtí 6 ni bàlúù ń lò. Òyìnbó tí wọ́n bá rán ní ọjọ́ mẹ́rin á fi ọjọ́ kan ti ara rẹ̀ lé e, á lọ wo kìnnìún. Ọmọ wa ńkọ́? Kó tó dé Ìkẹjà, WhatsApp rẹ̀ ti kún. Bọ̀ọ̀dá àgbà fẹ́ bàtà. Ìyàwó pásítọ̀ fẹ́ ìpara, èyí tí ìdérí rẹ̀ pupa o, kì í ṣe aláwọ̀ búlúù. Àǹtí Òṣogbo tí kò pè láti ọdún tó kọjá ṣàdédé rántí pé ọmọ dáadáa ni. Ẹni tó sì fi fọ́tò báàgì ránṣẹ́ tí kò kọ nǹkan kan sí i, òun ló léwu jù lọ, torí kò sọ̀rọ̀ owó.

Bí ìpàdé bá ṣe ń tú ní agogo mẹ́rin, ó di àwọn ṣọ́ọ̀bù Sandton. Ẹ wo ọ̀gá tó ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ìlànà ilé iṣẹ́ láti àárọ̀, ó ń ti ẹsẹ̀ bọ bàtà nítorí pé ẹsẹ̀ tirẹ̀ àti ti Bọ̀ọ̀dá àgbà "fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba". Lálẹ́, ó ń fọwọ́ gbé báàgì wò bóyá ó ti kọjá kílò 23. Ó délé, wọ́n ní báwo ni South Africa? Ó ní, "Ó dáa. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kẹ̀yìn sí Sandton. Ẹ wá sí apá gúúsù ìlú, ẹ yà ní Turffontein. Kì í ṣe àdúgbò olówó, kò sì sí ẹ̀gbọ́n kankan tó máa ní kí ẹ bá òun ra nǹkan níbẹ̀, torí wọn ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Èrè àkọ́kọ́ nìyẹn. Rosettenville ló múlé tì í, níbi tí àwọn ará Mozambique àti àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí. N kò ní parọ́ fún yín, àdúgbò náà ní wàhálà tirẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2017, àwọn ará àdúgbò dáná sun àwọn ilé kan ní Rosettenville, wọ́n ní ilé oògùn olóró àti ilé aṣẹ́wó ni, orúkọ Nàìjíríà sì wọ̀ ọ́. Nítorí náà, ọ̀sán ni kí ẹ lọ, kí ẹ mọ ẹni tó máa fi ọkọ̀ gbé yín. Ẹ má sì nàka sókè lẹ́bàá títì láìnídìí o! Níbẹ̀, ẹni tó bá na ìka kan sókè ń pe tásí tó ń lọ sí àárín ìlú nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn láti máa fìka han Ọlọ́run bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, ọkọ̀ á kàn dúró ni.

Ẹ lọ jókòó létí omi Wemmer Pan tó wà nítòsí. Tí ó bá sú yín, James Hall Museum of Transport wà níbẹ̀, láti ọdún 1964. Tíráàmù àtijọ́, kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà, ọkọ̀ tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́: gbogbo wọn ló dàgbà ju mólúè lọ, ara wọn sì le jù ú lọ. Bó bá jẹ́ oṣù kẹfà tàbí ìkeje ni, ẹ wọ súwẹ́tà. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ti ọyẹ́ tiwa. Ìlú náà sì ga tó nǹkan bíi mítà 1,750 ju òkun lọ, bí ẹ bá gun àtẹ̀gùn tí ẹ ń mí hẹlẹhẹlẹ, ọjọ́ orí nìkan kọ́.

Apartheid Museum kò jìnnà síbẹ̀. Ọdún 2001 ni wọ́n ṣí i. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá fún yín ló máa sọ bóyá ẹnu ọ̀nà aláwọ̀ funfun lẹ máa gbà wọlé tàbí ti àwọn tó kù. Ẹni tí wọ́n bu àbàjà fún n'Íbàdàn lè di òyìnbó lójijì! Èèyàn á rẹ́rìn-ín o. Ẹ̀rín ọ̀hún kì í bá a wọlé.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń bi mí pé, "Owó ta ni?" Owó yín ni! Ọjọ́ tí ẹ bá fi kún un, inú ìsinmi ọdọọdún yín ni kó ti jáde, kí ọ̀gá sì mọ̀. Iṣẹ́ ìjọba ló ti ba nǹkan yìí jẹ́ lójú wa, nítorí estacode, ìyẹn owó tí wọ́n ń fún òṣìṣẹ́ tó bá rìnrìn àjò lọ sókè òkun. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Ààrẹ Tinubu gé àwọn tó ń tẹ̀ lé òun lọ sókè òkun láti 50 sí 20. Àádọ́ta èèyàn lẹ́yìn ẹnì kan ṣoṣo! Ìpàdé kọ́ nìyẹn, ìdána ni. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin, wọ́n fi oṣù mẹ́ta dá ìrìnàjò òkèèrè tí owó ìjọba ń gbé dúró fún àwọn mínísítà àti àwọn olórí àjọ. Ẹni tó bá fi owó ara rẹ̀ wo omi, ta ló máa kọ lẹ́tà láti dá a dúró?

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni mo fi sẹ́yìn: pápá eré ẹṣin Turffontein. Ọdún 1886 ni wọ́n rí góòlù ní Johannesburg, kò sí ẹni tó wá síbẹ̀ bí kò ṣe torí iṣẹ́. Nígbà tó di 1887, wọ́n ti ní pápá eré ẹṣin! Àwọn tó ṣì ń sùn nínú àgọ́, ẹ gbọ́ o. Pápá náà rí ìbànújẹ́ pẹ̀lú: ní ọdún 1901, lásìkò ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Boer, ibẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó obìnrin àti ọmọ wẹ́wẹ́ àwọn Boer sí. Lónìí, ẹṣin ti padà síbẹ̀, nígbà tí ọdún bá sì ń lọ sópin, wọ́n á sáré Summer Cup, mítà 2,000.

Ẹ má fi estacode ta tẹ́tẹ́ o. Kí ẹ sì ti sọ fún ìyàwó kí ẹ tó lọ. Torí bí ẹṣin bá ṣe ń gbéra, tí gbogbo èrò dìde tí wọ́n ń pariwo, ìgbà yẹn gan-an ni fóònù máa dún.

"Bàbá Ìbejì, níbo lẹ wà?"

"Ìpàdé ni o, Ìyá Ìbejì."

"Ariwo wo nìyẹn?"

"Wọ́n ń... wọ́n ń dìbò ni."

"Ta wá ló ń pariwo pé kí nọ́ńbà keje má dúró?"