Ìlà Ẹ̀yìn Ìjàpá

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo, ó dá lórí Erin, ó sì dá lórí Lékeléke aláṣọ funfun.

Nígbà tí Igbó Olúwa ṣì jẹ́ igbó, kí kòkó àti ọ̀pẹ tó jẹ ẹ́ kù díẹ̀ ní agbègbè Odigbo, Erin ni ọba gbogbo ẹranko ibẹ̀. Ibi tí àwọn dẹ́rẹ́bà ti ń sọ̀kalẹ̀ jẹun ní Ore lónìí, ibẹ̀ gan-an ni ọjà wọn wà. Oríta ni. Ẹni tó ń lọ sí Ìjẹ̀bú àti ẹni tó ń lọ sí Ìbíní, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé.

Àlejò àkọ́kọ́ tó ti ọ̀nà jíjìn wá síbẹ̀ ni Ràkúnmí. (Ẹ má bi mí bí ràkúnmí ṣe wọ ẹgàn; àlọ́ ni mò ń pa.) Màlì ló ti wá. Ó pọn iyọ̀, ó há ìwé sábẹ́ abíyá, ó sì gbé búútà dání. Bí àkókò ìrun bá tó, yóò kúnlẹ̀, iṣẹ́ tí wọn kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ràkúnmí nìyẹn. Àwọn ẹranko pe ẹ̀sìn rẹ̀ ní Ìmàle, wọ́n ta obì fún un. Àwọn kan bá a kírun. Ọ̀bọ ní ẹ̀sìn náà wu òun, àfi ààwẹ̀ tó lè bọ́ sí ìgbà tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń pọ́n. N kò ní fi Ràkúnmí ṣe ẹni mímọ́ o, òun náà ń kó ẹrú la aṣálẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ló kó bá wa. Ibi gbogbo tó bá dé ló ti ń ròyìn Mansa Musa ọba Màlì, bó ṣe lọ sí Mẹ́kà ní 1324, tó pín wúrà ní Káírò títí owó wúrà fi já wálẹ̀ ní ìgboro. Ìròyìn náà wọ ọkọ̀ ojú omi. Ní 1375, àwọn ayàwòrán ayé ní ìhà Sípéènì ti ya Musa sórí ìtẹ́, wúrà rìbìtì lọ́wọ́ rẹ̀. Lékeléke tó wà ní Pọtogí wo àwòrán náà, ó gbé itọ́ mì. Ó ní, “Kí ni mo fẹ́ dúró de Ràkúnmí fún, èmi tí mo ní ìyẹ́?”

Ní 1482 ó ti kọ́ ilé olódi sí Elmina, ní ilẹ̀ Gánà òde òní. Nígbà tí 1486 fi máa parí, João Afonso de Aveiro ti fẹsẹ̀ tẹ Ìbíní. Aṣọ rẹ̀ funfun báláú, ó sì fi ìwé kan pamọ́ sábẹ́ ìyẹ́. Póòpù Nicholas V ló fi ìwé náà lélẹ̀ ní 1455: ó fún ọba Pọtogí ní òwò etíkun Áfíríkà, òun nìkan ṣoṣo, ó sì ní kó máa kó àwọn kèfèrí ibẹ̀ lẹ́rú. Lékeléke kò ka ìwé yìí sétí ẹnikẹ́ni lọ́jà. Ẹ̀gbà idẹ ló tẹ́ kalẹ̀.

Erin ní, “Kí lo fẹ́ rà, àlejò?”

Ó ní, “Ìyèré ni, kábíyèsí.”

Ìyèré ṣáà kún igbó. Wọ́n tà á fún un tẹ̀rín-tẹ̀rín. Àfìgbà tí Vasco da Gama gba ojú òkun dé Íńdíà ní 1498, tí ọba Pọtogí rí ata mìíràn. Ó fòfin de ìyèré tiwa kí ata tirẹ̀ má baà kùtà. Lékeléke padà wá, ó tajú kán wo àwọn ẹranko látorí dé ẹsẹ̀.

Ó ní, “Kí lẹ tún ní tó lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé etí omi?”

Ìjàpá ló ti àárín èrò dìde. Ó ní kí wọ́n má yọ ọba lẹ́nu, òun ni ògbufọ̀, òun ni agbowó-ibodè, òun náà ni alágbàtà. Èdè Lékeléke tó gbọ́ kò ju “èló?” àti “ó kù” lọ, ìyẹn sì tó o ṣòwò. Nígbà tó di alẹ́, ó lọ dúró sí bèbè odò, ó ní ijó wà, ẹ̀bùn wà, ó bá ki orin mọ́lẹ̀:

Ẹ jáde wá, ẹran igbó o,
*Wóro-ń-jó, wóro.*
Funfun dé, ó kó idẹ bọ̀,
*Wóro-ń-jó, wóro.*
Ẹni tó jó ni yóò mú ẹ̀gbà,
*Wóro-ń-jó, wóro.*
Ẹ sún mọ́ 'kọ̀, ẹ jó wọlé,
*Wóro-ń-jó, wóro.*

Òkété jó, kò bọ̀. Ọ̀yà jó tẹ̀lé e, Ọ̀kẹ́rẹ́ náà ò gbẹ́yìn. Ẹ̀gbà tí Ìjàpá ń gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 12 sí 15. Kì í ṣe èmi ni mo dá iye yẹn o. Duarte Pacheco Pereira, ọ̀gá atukọ̀ Pọtogí, ló kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, nígbà tó ń sọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú, ará ilé kejì wa. Ó ka yàrà ńlá tó yí ìlú ká, ó ka eyín erin, ó sì ka ènìyàn pẹ̀lú, bí ẹni ń ka èlò ọbẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó láti etíkun wa, São Tomé ni wọ́n gbé àwọn kan lọ. Elmina ni wọ́n gbé àwọn mìíràn lọ, wọ́n fi wọ́n gba wúrà. Wúrà tí Ràkúnmí ròyìn náà nìyẹn, ọwọ́ Lékeléke tẹ̀ ẹ́ wàyí.

Nígbà tí Erin rí i pé ìjókòó ti ń ṣófo láàfin, ó bínú. Ó pàṣẹ pé láti ọjọ́ náà lọ, wọn kò gbọdọ̀ ta akọ ẹranko kankan mọ́. Ọba Ìbíní náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́ ní ọ̀rúndún yẹn. Gbogbo akọ pàtẹ́wọ́. Abo Àgbọ̀nrín nawọ́ sókè, ó ní, “Kábíyèsí, àwa ńkọ́?” Erin wúkọ́, onílù sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í.

Ìbọn ló kù tí Erin ń wá. Lékeléke ní Ọlọ́run kò gbà kí òun ta ohun ìjà fún ẹni tí kò tíì ṣèrìbọmi. (Ọlọ́run yìí kan náà kò lòdì sí títa Òkété.) Erin ronú, ó ní ọmọ ṣáà pọ̀ nílé, ó fa ọ̀kan kalẹ̀. Omi tí àlùfáà bù sílẹ̀, ọmọ Erin ki ọwọ́jà bọ̀ ọ́, ó fà á mu tán kí wọ́n tó ka àdúrà dé ìdajì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ní 1516 ni Ọba Ẹsigie yọ̀ǹda ọmọ rẹ̀ àti àwọn ìjòyè kan fún ìrìbọmi ní Ìbíní, wọ́n sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ogun ló wà níwájú ọba nígbà náà.

Ọjà wá gbówó lórí. Nígbà tó di 1522, ọmọbìnrin ọdún 16 kan ti di 50 ẹ̀gbà ní Ìbíní. Ọba Pọtogí tí kò na ọjà wa rí jókòó sí Lisbon, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ san ju 40 lọ. Ìjàpá fárí gá. “Ta ló ni ọjà, ta ló ń dá iye lé e?” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ìrẹ́jẹ jáde lẹ́nu rẹ̀.

Gbogbo ẹ̀gbà tó ti gbà, ara ló kó wọn sí. Ó wọ̀ ọ́ sọ́rùn, ó wọ̀ ọ́ sẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi kékeré kan sí ìrù. Yánníbo ní, “Baálé mi, ẹ bọ́ díẹ̀ sílẹ̀, orí yín ò lè wọlé mọ́.” Ó ní owú ló ń jẹ ẹ́.

Ó wọ́ ara rẹ̀ dé èbúté lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ki orin mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbè é. Àwọn tó mọ ègbè náà ti lọ tán. Lékeléke sọ̀kalẹ̀, ó fi ẹnu ka ẹ̀gbà ara Ìjàpá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pé 40.

Lékeléke ní, “Owó rẹ pé. Wọlé.”

“Èmi kọ́ ni ọjà! Èmi ni mò ń tà!”

“Owó ta ló wà lára rẹ?”

Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀. Wọn kò tíì lọ jìnnà tí Lékeléke ará Sípéènì fi yọ, tó ní ti òun ni ẹrù yìí. Ìjà dé. Wọ́n gbé Ìjàpá lọ síwájú Àgbà Lékeléke ní Rómù. Ìyẹn kò béèrè orúkọ rẹ̀. Ó dà á dojú bolẹ̀, ó fi èékánná fa ìlà kan gbọọrọ sí i lẹ́yìn: apá kan fún Sípéènì, apá kan fún Pọtogí. Ti Póòpù Alexander VI nìyẹn, ní 1493. Pọtogí ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ní 1494, ní ìlú Tordesillas, wọ́n sún ìlà náà síwájú. Nígbà tó yá wọ́n rántí pé ayé rí roboto bí ẹ̀yìn Ìjàpá, wọ́n yí i po, wọ́n tún fa òmíràn sí odì kejì ní 1529. Bí ẹ bá rí ẹ̀yìn Ìjàpá tó rí yánnayànna bẹ́ẹ̀ yẹn, àwọn ni.

Níbi tí wọ́n ti ń jiyàn lórí ìlà kẹrin, kò sẹ́ni tó rántí di Ìjàpá mú. Ó yí gbirigbiri bọ́ sómi. Ó bọ́ ẹ̀gbà sílẹ̀ kó má baà rì, gbogbo rẹ̀ pátá àyàfi ti ìrù, ó sì gúnlẹ̀ sí etíkun Ìlàjẹ.

Oṣù kan kò pé tó fi jókòó sí oríta Ore, ó gbé igbá síwájú. Ó ní òun ti rí ayé, ayé sì wà lẹ́yìn òun. Ẹ̀gbà kan ni ẹni tó bá fẹ́ wò ó yóò san. Èrò tò. Erin náà san tirẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó títí, ó na ọwọ́jà síhìn-ín, ó nà á sọ́hùn-ún.

Ó ní, “Ìjàpá, Igbó Olúwa dà?”

Ìjàpá ní ìyẹn ẹ̀gbà mìíràn ni.