Orúkọ Ṣáájú Ilé

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí. Ṣùgbọ́n ayé ti lu jára, ọ̀làjú ti dé, orúkọ ni a wá ń kọ́kọ́ rà lóde òní, kí a tó máa wá ilé tí yóò gbà á.

Ẹ wo ọ̀gá oníṣòwò kan ní Mile 12, ọjà aláta tí ń bọ́ Èkó, níbi tí tòmátì Kánò ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí tírélà. Bí ọkùnrin yìí bá fẹ́ ra apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan péré, yóò tú ti òkè, yóò ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, yóò tẹ èyí tó ti ń rọ̀, ìyá aláta yóò sì bú u kó tó sanwó. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ ra sọ́fítíwíà tí yóò máa ṣọ́ àwọn ẹ̀rọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ketu àti Ikosi, kò wo ohunkóhun ju pé ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Victoria Island ń tàn yọ̀ọ̀. Ó ra PRTG ti àwọn ará Jámánì, ọjà gidi ni, àmọ́ orí Windows nìkan ni olórí ẹ̀rọ rẹ̀ ń jókòó sí, bẹ́ẹ̀ Linux ni sáfà tó wà ní yàrá rẹ̀. Wọ́n ní kó yẹ Zabbix wò, èyí tí Alexei Vladishev ará Latvia gbé jáde ní 2001, tí ń jókòó sórí Linux, tó sì lè rán aṣojú lọ sórí Windows. Ó ní ohun tí a kò fowó rà kò lè dára. (Ráútà MikroTik tó wà lára ògiri rẹ̀, ilé iṣẹ́ kan ní Latvia yẹn kan náà ló ṣe é, ìyẹn kò sì dùn ún.)

Láti 1988 ni àwọn àgbà iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ti fi SNMP lélẹ̀, èdè àjùmọ̀lò tí ráútà, swíìṣì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fi ń ròyìn ara wọn, láìka Windows tàbí Linux sí. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí ọ̀gá yìí béèrè ni pé èwo nínú ẹ̀rọ ilé rẹ̀ ló gbọ́ èdè náà. Kò béèrè. Ọ̀rọ̀ aṣínà "public" tó bá àwọn ẹ̀rọ wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ló ṣì wà lórí wọn títí dòní.

Ti iná ló pabanbarì. Kọ̀ǹpútà Windows tó wá rà sí Ikosi nítorí aṣọ́nà yìí ń jẹ iná kan náà pẹ̀lú ráútà tó ń ṣọ́. Bí UPS bá tilẹ̀ gbé aṣọ́nà dúró díẹ̀ nígbà tí iná lọ, ímeèlì tí yóò fi kígbe, inú ráútà tó ti kú ni yóò gbà jáde. Àwọn oníbàárà tó tò síwájú káńtà ló ń sọ fún ọ̀gá pé íntánẹ́ẹ̀tì ti lọ. Ó di ọ̀sán, tí iná padà dé, kí fóònù tó bẹ̀rẹ̀ sí dún lápò rẹ̀, ìkìlọ̀ lórí ìkìlọ̀, pupa fòò, pé ráútà Ikosi ti kú láàárọ̀.