Igbá Tí Àgbà Ń Rù Délé

Páálí kan dé láti Èkó sí ilé ìyá àgbà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Téèpù yí i ká bí ọ̀já. Nígbà tí wọ́n tú u, ọ̀rá ló kọ́kọ́ jáde, irú èyí tó ní roro afẹ́fẹ́ lára, tí àwọn ọmọdé máa ń tẹ̀ kó lè dún "pọ́ọ̀". Lábẹ́ ọ̀rá ni fóòmù funfun wà. Lábẹ́ fóòmù ni ìgò gíláàsì méjìlá wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìdérí ọparun. Ṣáínà ni wọ́n ti wá. Àkọ́bí ìyá náà, tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ló fi fóònù rà wọ́n. Ó ti wo fídíò òyìnbó obìnrin kan tó ń da ẹ̀wà láti inú ìgò kan sínú òmíràn, tó ń kìlọ̀ pé rọ́bà yóò pa ayé run.

Bí ọ̀rọ̀ bá mọ síbẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó ṣáájú, ọmọbìnrin yìí ti wá sílé, ó wọ ilé ìdáná, ó sì palẹ̀ ohun tó pè ní pàǹtí mọ́. Rọ́bà áísìkirímù tí ẹ̀gúsí ń gbé láti ọdún tó kọjá, ó lọ. Agolo bisikíìtì tí abẹ́rẹ́ àti òwú fi ṣe ilé, ó lọ. Ike bọ́tà, ìgò Bournvita, ìgò kọfí tí iyọ̀ wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn wọ àpò ìrẹsì mẹ́ta, ó di ẹ̀yìnkùlé, kí akólẹ̀ wá kó wọn lọ sí ààtàn. Ó da ohun tí wọ́n ń kó nǹkan sí nù, ó wá fi owó ra ohun tí wọn yóò máa kó nǹkan sí. Ó ní òun ń gba ayé là.

Ẹ̀bi ì bá jẹ́ tirẹ̀ nìkan, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá rẹ̀ pàápàá kò mọ́. Ẹ bẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wò. Abọ́ rọ́bà, báàfù, tíréè àti kúùlà tó wà níbẹ̀ tó pàtẹ ìsọ̀ kan l'ọ́jà Òkè-Ajé. Ibi àríyá ni wọ́n ti pín gbogbo wọn, ojú ènìyàn ló sì wà lára wọn: bàbá olóògbé kan tó lo ọdún 82 láyé, Alhaja kan tó ti Mẹ́kà dé, tọkọtaya kan tí wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀ kí abọ́ wọn tó kan omi. Kò sí èyí tí wọ́n lò rí. "Ti òde ni," ni ìyá máa ń wí. Bó bá wá fẹ́ abọ́ tí yóò fi fọ ẹran, a lọ sọ́jà, a ra òmíràn.

Ibí yìí ni òwe àtijọ́ ti bọ́ sí ọ̀rọ̀: àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹni tó bá ti bá bàbá rẹ̀ jẹun rí mọ̀ ọ́n: àgbà tí kò ṣẹ́ oúnjẹ kù fún ọmọ tó bu omi ìṣanwọ́ wá, kó má retí pé ọmọ yẹn ni yóò bá òun gbé igbá.

Ṣùgbọ́n ẹ wo igbá inú òwe yẹn dáadáa. Ìyà ni. Ìtìjú ni. Àgbàlagbà nínú agbádá ru igbá òfìfo gba ìta kọjá, gbogbo àdúgbò sì mọ ohun tó ṣe. Àwọn tó pa òwe náà kò lá a lálàá pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí igbá yóò di èrè. Lónìí, àgbà a jẹ àjẹìwẹ̀yìn, a ní kí wọ́n fi tékẹ́wéè méjì lé e, a tún wá jà fún igbá tí yóò rù délé. Bí igbá kò bá sì kàn án, ó di ìjà títí di Iléyá tó ń bọ̀.

Ìjẹ̀bú mọ àríyá, kò sí àní-àní. L'ọ́jọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí, bá jáde nínú ẹgbẹ́jọdá, tí àwọn ìdílé Balógun gun ẹṣin lọ kí Awùjalẹ̀, ta ni yóò ní kí wọ́n dín ẹwà rẹ̀ kù? Kì í ṣe òun là ń bá wí. Ẹ jókòó sí tábìlì níbi òkú àgbà l'ọ́jọ́ Sátidé lásán. Ìrẹsì kò tíì dé tí wọ́n ti ń bi ara wọn pé, "Ṣé wọ́n ti ń pín nǹkan?" Wọ́n ní tábìlì àwọn àna ni àwọn tó ń pín in wà. Ọrùn gbogbo ènìyàn á nà síbẹ̀. Ìyá ìjọ kan ti jókòó lé méjì mọ́lẹ̀, ó sì ń na ọwọ́ sí ẹ̀kẹta: "Ẹ̀gbọ́n mi tí kò lè wá ni mo fẹ́ mú un fún." Ẹ̀gbọ́n náà rèé ní tábìlì kejì, òun náà ń gba ti àbúrò rẹ̀ tí kò lè wá.

Àwọn tó lajú jù wọ́n lọ ti pa rọ́bà tì. Báàgì òwú ni wọ́n ń pín báyìí, nítorí àyíká. Ó dára. Ní ọdún 2011, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwádìí kan jáde: nítorí gbogbo làálàá gbígbin òwú àti híhun ún, ènìyàn gbọ́dọ̀ lo báàgì òwú ní ìgbà 131 kí ìpalára rẹ̀ fún ojú ọjọ́ tó kéré sí ti ọ̀rá tí wọ́n lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ń gbé e lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ yóò lo ọdún méjì àbọ̀ kó tó san gbèsè yẹn tán. Ta ló fẹ́ gbé báàgì tí wọ́n kọ "Ó Dìgbà, Màmá Rere" sí lára lọ ra panla fún ọdún méjì àbọ̀? Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni yóò lọ, yóò lọ bá àwọn ẹbí rẹ̀.

Ohun tó dun ni jù ni pé ẹ̀kọ́ tí ọmọ tó ra ìgò yẹn ń fi dátà kọ́, ilé ló wà. Ó ti lé ní 600 ọdún sẹ́yìn tí àwọn ará Ilé-Ifẹ̀ to àpáàdì ní òòró sínú ilẹ̀, tí wọ́n fi ṣe àgbàlá àti ojú ọ̀nà. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú púpọ̀ nínú rẹ̀ jáde, ìtàn àtẹnudẹ́nu sì so ó mọ́ Lúwòó, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, tí wọ́n ní kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun. Ìkòkò fọ́, ọba rìn lórí rẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, nígbà tí àdìrẹ ẹlẹ́kọ ń gbilẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, ara pánú ni wọ́n ti ń gé bátànì, títí kan pánú tí wọ́n yọ nínú àpótí tíì tó gba orí òkun dé.

Gàrí Ìjẹ̀bú náà ńkọ́, èyí tó kan bí ẹjọ́ tó pẹ́ ní kóòtù? Àpò tó ti kó ìrẹsì tàbí ṣúgà rí ni wọ́n ń da ẹ̀gẹ́ rínrin sí. Jáàkì, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé mọ́tò sókè, ni wọ́n fi ń tẹ omi rẹ̀. Rọ́bà ọ̀dà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n tà. Agolo mílíìkì ti ṣe àtùpà, ó ti ṣe abọ́ tí wọ́n fi ń se mọ́ínmọ́ín, ó sì ti ṣe mọ́tò tí ọmọdé ń fi okùn fà, tí táyà rẹ̀ jẹ́ awẹ́ sílípáàsì. Báàgì tí àwọn ará Gánà fi kó ẹrù nígbà tí ìjọba Nàìjíríà lé wọn ní 1983 ṣì ń kó aṣọ ọmọ lọ sí yunifásítì. Kò sẹ́ni tó pe èyíkéyìí nínú wọn ní gbígba ayé là. Àìsówó ni wọ́n ń pè é. Àwọn aládùúgbò tó fẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ sì ń pè é ní ahun Ìjẹ̀bú.

Kì í ṣe gbogbo àlòkù ló yẹ ká pàtẹ́wọ́ fún o. Ẹni tó fi omi ṣan kẹ́ẹ̀gì oògùn apakòkò, tó wá rọ epo pupa sí i, ikú ló ń tà ní ìwọ̀n gálọ́ọ̀nù. Ẹni tó bu kẹrosíìnì sínú ìgò mínírà, tó gbé e sílẹ̀ níbi tí ọwọ́ ọmọ ti lè tó o, kó má pe ara rẹ̀ ní ẹni tó mọ nǹkan í tọ́jú. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti bá irú ìgò bẹ́ẹ̀ dé ilé ìwòsàn, àwọn kan kò sì padà. Ọ̀rọ̀ yẹn kò ní ẹ̀rín nínú.

Ẹ̀rín wà nínú ti fóòmù. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de fóòmù tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí, ní oṣù Kíní 2024, ariwo ta: kí la ó wá fi jẹun? Bí ẹni pé ebi ló ń pa àwọn baba wa títí fóòmù fi dé. Ewé eéran ti di ẹ̀kọ, ó ti di mọ́ínmọ́ín, ó ṣì ń di ìrẹsì ọ̀fadà dòní. Bó bá bọ́ sílẹ̀, ewúrẹ́ a jẹ ẹ́. Bí fóòmù bá bọ́ sílẹ̀, gọ́tà ló ń gbé e mì, bí òjò bá sì dé, gọ́tà a pọ̀ ọ́ sójú títì. Láyé ìgbà kan, ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ ẹ̀wà, abọ́ ilé rẹ̀ ló ń gbé dání lọ. Àwọn òyìnbó ti ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìyẹn, wọ́n sì ń gbóríyìn fún ara wọn.

Ní ti páálí yẹn, ìyá náà kò bínú. Ó sá ọ̀rá oníroro sórí okùn aṣọ. Ó pa páálí pọ̀, ó gbé e sórí wọ́dúróòbù. Àpò mẹ́ta tó wà l'ẹ́yìnkùlé, òru ló fi kó wọn wọlé padà. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ tún wá, ẹ̀gúsí ti padà sínú rọ́bà áísìkirímù rẹ̀, ìgò Ṣáínà méjìlá sì tò lórí fèrèsé, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí kún wọn dé ẹnu.

"Mọ́mì! Kí lẹ fi ìgò mi ṣe?"

"Ìdérí rẹ̀ dáa. Kì í jò."

Ọmọ fẹ́ padà s'Ékòó l'ọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó sì fẹ́ gbé gàrí àti ìkọ́kọrẹ́ dání. Ìgò kò gbà á. Ìyá kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fa báàfù bàbá olóògbé jáde, ó fi omi ṣàn án fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì kó oúnjẹ sí i títí ó fi kún.

"Kí o rí i pé abọ́ mi padà wálé o."

Ọ̀kadà kò sí nítòsí. Ọmọ gbé e karí, ó sì ń lọ sí gáréèjì, ojú bàbá ọmọ ọdún 82 ń wo gbogbo ìgboro Ìjẹ̀bú-Òde láti orí rẹ̀.