Páńpáàsì Baba

Baba wa ní páńpáàsì tó tóbi jù lọ ni kí n rà, pé àgbà kì í wọ ohun tó fún mọ́ni. Mo rà á. Kí ilẹ̀ tó mọ́, bẹ́ẹ̀dì ti di omíyalé Ògùnpa ọdún 1980. Àṣé páńpáàsì àgbàlagbà kì í ṣe agbádá: bó bá ti ṣò ní itan, ibẹ̀ ni ìtọ̀ ń gbà jáde. Ẹ fi téèpù télọ̀ wọn ìdí àti ìbàdí kí ẹ tó jáde nílé. Bẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́ tán, ẹ fìka tú etí rọ́bà rẹ̀ síta. Ẹ má sì wọ méjì léra. Ọ̀rá ẹ̀yìn ti inú kò ní jẹ́ kí ti òde rí nǹkan mu. Mídíọ̀mù ni Baba ń wọ̀ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn pé mo sọ.