Ọyẹ́ Kì Í Ṣe Àlejò, Ẹ̀yin Ọlọ́sibítù

Ẹ̀dùn ọkàn mi rèé, ẹ forí jì mí tó bá gùn. Ọdọọdún ni ọyẹ́ ń dé. Ọmọdé Bẹyẹrunkà n'Ìbàdàn tí kò tíì lè so okùn bàtà mọ̀ pé tí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, eruku yóò gbéra láti aṣálẹ̀ Sàhárà, yóò gba Kánò kọjá, yóò sì fi àtíkè pa Gbọ̀ngán Mápó lójú. Àwọn tó ń ta òrí ní Ọjà'ba mọ̀, wọ́n ti kó ọjà sílẹ̀. Àwọn tó ń ta súwẹ́tà òkìrìkà mọ̀. Ọsibítù nìkan ni ọyẹ́ máa ń bá lójijì.

Ikọ́ ọyẹ́ ló mú ìyá mi. Ìyá ní ká lọ sọ́dọ̀ alágbo, èmi ọ̀làjú ni mo ní rárá, ọsibítù ìjọba là ń lọ. Ẹ má bi mí ní orúkọ ọsibítù náà o, ọ̀la lè tún gbé mi débẹ̀. Ìdájí la dé, ìlà ti yọ sí títì. Bàbá kan tó dé fìlà abetí ajá ló ń pín nọ́mbà tó kọ sára páálí bisikí. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn. Aláìsàn lòun náà, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ dé, ìyẹn sì ti sọ ọ́ di ọ̀gá. Àwọn tó pẹ́ dé ń dọ̀bálẹ̀ fún un.

Fèrèsé kìíní ni wọ́n ti ń gba káàdì, fèrèsé kejì ni wọ́n ti ń sanwó rẹ̀, ẹ ò sì lè rí káàdì gbà láìsanwó. Ní fèrèsé kejì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì POS ti lọ. Ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ ní ká mú káàṣì wá, ká má sì mú ẹgbẹ̀rún kan wá o, òun ò ní ṣéńjì. Mo sáré jáde lọ ra gúgúrú kí n lè rí ṣéńjì. Ìyá mi ń wúkọ́, èmi ń jẹ gúgúrú.

Nígbà tí fáìlì jàjà jáde, nọ́ọ̀sì fi ohùn tútù bi ìyá mi pé, “Mama, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ó ti tó ìgbà wo tẹ́ ẹ ti ń wúkọ́?” Ìyá mi wò ó lójú. “Ṣé kí n tó débí ni, ọmọ mi, àbí látìgbà tí mo ti débí?”

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó káàánú. Ẹ̀bi tirẹ̀ kọ́. Òun nìkan ni gbogbo wa ń pè ní Ańtí láti ọ̀ọ́kán. Dókítà náà kò ju ẹyọ kan lọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti jápa. Ìrọ̀lẹ́ la tó rí i. Kò pẹ́ tó fi wo ìyá mi, ó sì wò ó dáadáa. Oògùn tó kọ ni fámásì wọn ní ó ti tán.

Nígbà tí mo ròyìn fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì nílùú ọba, ó ní kí n má rò pé àwa nìkan ni. Tí òtútù wọn bá dé, fulú á kún ilé, bẹ́ẹ̀dì á tán, kọ́ridọ̀ ni wọ́n á máa tẹ́ aláìsàn sí. Kí n má purọ́, inú mi dùn díẹ̀. Ohun tó sọ tẹ̀ lé e ló wá bà mí nínú jẹ́. Ìlànà wọn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé nínú èèyàn 100 tó bá wọ ẹ̀ka pàjáwìrì, 95 gbọ́dọ̀ ti rí ìtọ́jú, kí wọ́n ti gbà wọ́n sí bẹ́ẹ̀dì tàbí kí wọ́n ti dá wọn padà sílé láàárín wákàtí 4. Oṣù Keje 2015 ni wọ́n ti dójú ìwọ̀n náà gbẹ̀yìn. Síbẹ̀ oṣooṣù ni wọ́n ń gbé iye rẹ̀ jáde kí gbogbo ayé lè bú wọn. Wọ́n ń kùnà, wọ́n sì ń ka ìkùnà. Tiwa ńkọ́? Ta ló ń wo aago?

Kì í ṣe pé a ò gbìyànjú. Oṣù Kẹta 2004 ni ìjọba Ọbásanjọ́ gbé SERVICOM kalẹ̀, pé kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ máa tètè dá aráàlú lóhùn, kí wọ́n sì máa bọ̀wọ̀ fún wa. Mo rí àpótí ẹ̀sùn lára ògiri níbi tí a lọ yìí náà. Mo béèrè bírò. Wọ́n ní kí n lọ rà á níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta gílọ́ọ̀fù.

Ìbàdàn sì nìyí o! Ọsibítù Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dókítà ti ń kọ́ṣẹ́ kí wọ́n tó ṣí ọsibítù ńlá UCH ní 1957. UCH yìí kan náà ni iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná IBEDC gé iná rẹ̀ lóṣù Kẹwàá 2024 nítorí gbèsè. Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ ń lọ, ó lé ní ọjọ́ 100 kí iná tó padà. Bẹ́ẹ̀ iná ni ẹ̀rọ tó ń ran ẹni tí àyà ń há lọ́wọ́ ń lò, kì í mu àgbo.

Mi ò bẹ̀bẹ̀ fún ohun ńlá. Kí wọ́n wá ẹnì kan, kí wọ́n fún un ní aago àti ìwé, kó máa kọ ìgbà tí aláìsàn wọlé àti ìgbà tó rí dókítà. Kí wọ́n máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu géètì lóṣooṣù, ká lè rí ohun tí a ó bú. Tí oṣù Kẹsàn-án bá dé, kí ọ̀gá wọn ṣí ìwé ọyẹ́ èṣí, kó wo iye èèyàn tó wúkọ́ wá, kó ra oògùn, kó sì pín iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì bó ṣe yẹ. Bí wọ́n bá ní kò sówó láti fi ra aago, kí wọ́n jẹ́ ká gbọ́. Àwa ará Bẹẹrẹ á dáwó rẹ̀, a ó sì mú ṣéńjì dání.