Ẹ̀yin Dwemer, Ẹ Padà Wá Pa Iná

Ẹ̀yin Dwemer, ẹ kú ìsinmi o, níbikíbi tí ẹ wọlẹ̀ sí. Láti ìgbà tí mo ti pàdé yín, ẹ̀yà tó pòórá, nínú géèmù Morrowind ti ọdún 2002, tí mo tún rin ahoro yín já nínú Skyrim ti ọdún 2011, ọ̀rọ̀ yín ló ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Orúkọ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn òmìrán ló pè yín ní aràrá. Ẹ ò kúrú. Àwọn ló ga jù. Ṣùgbọ́n orúkọ ti lẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo làákàyè yín, aràrá náà ni ayé ń pè yín dòní.

Ẹ rọ aláǹtakùn onírin tó ń tún páìpù ṣe fúnra rẹ̀. Ẹ rọ jagunjagun idẹ gìrìwò tó ń tu ooru omi gbígbóná síni lójú. Ẹ kú iṣẹ́. Àmọ́ mo wọ yàrá yín ní ìlú Markarth nínú Skyrim, mo wo bẹ́ẹ̀dì: òkúta gbagidi! Ṣé òwú wọ́n ni, àbí koríko? Àwọn ọ̀mọ̀wé ń wá ohun tó lé yín nílé. Ẹ̀yìn ríro ni èmi ń fura sí.

Àlejò yín ńkọ́? Ẹ̀yà Snow Elf sá fún ogun àwọn ẹ̀yà Nord, wọ́n forí pamọ́ sọ́dọ̀ yín. Ẹ ní kò burú, kí wọ́n ṣáà jẹ olú díẹ̀. Olú fọ́ wọn lójú, ẹ sọ wọ́n dẹrú. Àwọn afọ́jú náà, Falmer, ló ń gbé ààfin yín báyìí. Wọn ò san kọ́bọ̀ owó ilé.

Èyí tó wá le jù ni ti òrìṣà. Ẹ ní kò sí òrìṣà tó tó ẹni tí ẹ ń forí balẹ̀ fún. Àfi bí Kagrenac, àgbà onímọ̀ ẹ̀rọ yín, ṣe rí ọkàn òrìṣà Lorkhan lábẹ́ òkè Red Mountain, tó gbé òòlù Sunder àti ọ̀bẹ Keening tì í, tó fẹ́ fi rọ òrìṣà tara yín! Àjàpá tó kó ọgbọ́n ayé sínú kèrègbè, tó gbé e kọ́ àyà, tó ń gun igi, ẹ̀gbọ́n yín ni. Òun rí ẹni sọ fún un pé kó gbé e sẹ́yìn. Ta ló tó bẹ́ẹ̀ lójú yín? Bí Kagrenac ṣe fọwọ́ kan ọkàn náà báyìí, tí ogun ń lọ lọ́wọ́, gbogbo ẹ̀yà yín bá pòórá lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹnì kan ṣoṣo tó kù, Yagrum Bagarn, kò sí nílé lọ́jọ́ náà ni. Mo bá a nínú àjà ilẹ̀ ilé gogoro Tel Fyr nínú Morrowind: àìsàn corprus ti wú u gbìǹdìn, ẹsẹ̀ aláǹtakùn onírin ló gbé e dúró. Mo ní, "Bàbá, ibo làwọn ará yín lọ?" Bàbá náà ò mọ̀.

Ẹ̀rọ yín ò tíì gbọ́ pé ẹ ti lọ o. Aláǹtakùn ń tún páìpù ṣe de ẹni tí kò bọ̀, omi ń hó láti ohun tó lé ní 3,000 ọdún. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ ò bá ní í dúró, ẹ ṣáà padà wá pa iná.