Ta Ló Jẹ Irinwó Ẹgbẹ̀rún?

Ẹ má bi mí bí wọ́n ṣe yàn mí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ìdànrè ló ń wá ẹni tí yóò ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ wọn lásìkò ìsinmi. Ẹnì kan dárúkọ mi, mo sì ti gbà kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán. Mo ní dìgírì, mo ní kakulétọ̀, mo sì ní ẹnu. Wọ́n tẹ bánà, wọ́n fi fọ́tò mi sí i, wọ́n kọ "Ọ̀gá CGPA" sábẹ́ rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo fún wọn lórúkọ yẹn.

Mo múra o, ẹ má rò pé n kò múra. Mo kàwé lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe irú ìrànwọ́ yìí níbòmíràn. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Deanna Martin ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kan ní yunifásítì kan ní Kansas City, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ní 1973, ó sì ti dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ láyé. Wọn kì í wá akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ̀wé kiri. Kóòsì tó le, tí àwọn èèyàn ń fìdí rẹmi nínú rẹ̀, ni wọ́n ń wá. Ẹni tó bá wù ló lè yà síbẹ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀ rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti yege nínú kóòsì náà ni yóò darí ìjókòó, yóò sì tún máa bá wọn wọ kíláàsì kó lè gbọ́ ohun tí lẹ́kíṣọ́rà ń sọ. Òfin tó ga jù níbẹ̀ ni pé kò gbọdọ̀ kọ́ wọn. Ìbéèrè ni yóò máa bi wọ́n títí wọn yóò fi fẹnu ara wọn sọ ìdáhùn. Mo ka òfin yìí, mo fàlà sábẹ́ rẹ̀, mo pa ìwé dé, mo sì gbéra ní Àkúrẹ́ láti lọ kọ́ wọn.

Gbọ̀ngàn kan ní Òdòdé ni a lò. Àwọn ọmọ ni mo ń retí. Ìyá, bàbá àti ẹ̀gbọ́n wọn ni mo tún bá pẹ̀lú wọn. Wọ́n ti kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan ń bọ̀. Onílù tilẹ̀ wà níbẹ̀, ó gbé gángan kọ́ èjìká. Ṣé ẹ ti rí ibi tí wọ́n ti ń lu gángan sí tùtóríà rí? Ó yẹ kí n ti sá lọ nígbà yẹn.

Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìwúrí. Mo nawọ́ sí Òkè Ìdànrè láti ojú fèrèsé, mo ní àwọn baba wa tó ń gbé orí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀ ní 1923, ṣùgbọ́n gígun òkè náà ni tiwa, àtẹ̀gùn 682, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ó máa gbà á. Bàbá kan tó wà lọ́wọ́ iwájú ní 660 ni. Ẹnì kejì ní irọ́ ni, 682 náà ni. Wọ́n fà á títí tí alága fi bẹ̀ wọ́n. Ìlú tí àgbàlagbà ti ń jà lórí àtẹ̀gùn 22 kì í ṣe ìlú tí èèyàn ń gbé ìṣirò tí kò dá a lójú lọ.

Mo mú ṣọ́ọ̀kì. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan yìí dáadáa, nítorí pé apá ìbẹ̀rẹ̀ yìí nìkan ni mo ṣe tó tọ́. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, ẹni tó gba máàkì 70 sókè ní A, ìyẹn póìǹtì 5. Láti 60 dé 69 ni B, 4. 50 dé 59 ni C, 3. 45 dé 49 ni D, 2. 40 dé 44 ni E, 1. F ò ní nǹkan kan. Gbogbo ibi kọ́ o; Yunifásítì Ìbàdàn ti fi 7 ṣe òkè òṣùwọ̀n tirẹ̀ rí. Kóòsì kọ̀ọ̀kan ló sì ní yúnìtì tirẹ̀. Ẹ ó fi yúnìtì sọ póìǹtì yín di púpọ̀. B nínú kóòsì yúnìtì mẹ́ta jẹ́ 12, A nínú kóòsì yúnìtì méjì jẹ́ 10. Ẹ rí i pé B lè ju A lọ? Ẹ ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ ó fi àpapọ̀ yúnìtì pín in. GPA símẹ́sítà kan nìyẹn.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ yẹn ló pa mí.

Ó wá ku CGPA, ìyẹn ti gbogbo símẹ́sítà pọ̀. Mo pe ọmọkùnrin kan jáde, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ọdún kìn-ín-ní. Símẹ́sítà àkọ́kọ́, yúnìtì 24, GPA 3.00. Símẹ́sítà kejì, yúnìtì 16, GPA 4.00. "Ẹ wò bó ṣe rọrùn tó!" ni mo wí. Mẹ́ta pẹ̀lú mẹ́rin, méje. Símẹ́sítà méjì ni, ẹ fi méjì pín méje. Mo kọ 3.50 gàdàgbà sójú pátákó, mo fà á yíká, mo kọjú sí àwọn èèyàn, mo pariwo pé: "Two-one! Láti 3.50 ni two-one, ipò kejì apá òkè nínú dìgírì, ti ń bẹ̀rẹ̀, ọmọ yín ti wọlé!"

Ọmọ náà ń fa ẹ̀wù mi lẹ́yìn. Mo rò pé ó ń dúpẹ́.

Ìyá rẹ̀ fò dìde. Ó jó dé iwájú mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ igba náírà mọ́ mi níwájú orí. Àwọn ẹbí rẹ̀ tò tẹ̀ lé e. Onílù pe mí ní erin, ó pe mí ní àjànàkú. Èmi náà jó. Kí n sọ òótọ́, mo jó gan-an ni. Mo tẹ̀, mo sọ̀ dé ilẹ̀, mo ṣí ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ kí wọ́n lè ráàyè ná mi dáadáa.

Ìgbà tí ìlù rọlẹ̀ ni ìyá àgbà kan nàka sókè láti ẹ̀yìn. Ìyá oníkòkó ni, ó ti ń ra kòkó láti ayé Cocoa Board tí ìjọba tú ká ní 1986.

"Tíṣà, ọmọ mi, ẹ má bínú. N kò kàwé. Ṣé mo lè béèrè nǹkan?"

Mo ní kí Mama máa wí. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín fún wọn, irú ẹ̀rín tí onímọ̀ ń rín.

"Bí mo bá ra báàgì kòkó 24 ní ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún náírà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo tún ra báàgì 16 ní irinwó ẹgbẹ̀rún, èló ni báàgì kan jẹ́ fún mi?"

Mo ní ọ̀ọ́dúnrún àti irinwó, Mama, ẹ fi méjì pín in, àádọ́ta-lé-lọ́ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún: 350,000.

"Ó dáa. Báàgì mélòó ló wà nílẹ̀?"

Àwọn ọmọ ló dáhùn: "Ogójì!"

"Ogójì ní 350,000, èló ni?"

Kakulétọ̀ dún káàkiri gbọ̀ngàn. "Mílíọ̀nù mẹ́rìnlá!"

"Owó tó jáde lápò mi ńkọ́?" Wọ́n tún ṣe é. Báàgì 24, mílíọ̀nù méje ó lé 200,000. Báàgì 16, mílíọ̀nù mẹ́fà ó lé 400,000. Àpapọ̀, 13,600,000.

Mama wò mí. "Tíṣà, irinwó ẹgbẹ̀rún náírà dà? Ta ló jẹ ẹ́?"

Ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ fi ogójì báàgì pín 13,600,000, ó jẹ́ 340,000. Yúnìtì 24 ní mẹ́ta-mẹ́ta, 72. Yúnìtì 16 ní mẹ́rin-mẹ́rin, 64. Àpapọ̀ 136, ẹ fi 40 pín in, 3.40. Two-two, ipò tó wà lábẹ́ two-one! Símẹ́sítà méjèèjì kò wọ̀n bákan náà, mo sì gbé wọn sórí ìwọ̀n bí ẹni pé ìbejì ni wọ́n. Ọmọ náà yọ ìwé kan tó ká lápò: èsì tó tẹ̀ jáde láti pọ́tà, 3.40 wà níbẹ̀ kedere. Ohun tó ń fa ẹ̀wù mi fún nìyẹn.

Onílù ò ṣàánú mi. Gángan sọ̀rọ̀: irinwó dà, irinwó dà? Àwọn ọmọdé gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ sí i. Ìyá ọmọ náà dé iwájú mi, ó tẹ́ ọwọ́. Mo kó owó lé e lọ́wọ́. Ó kà á lójú gbogbo èèyàn, ó tún un kà, ó ní, "Ó ku igba náírà kan." Mo wo ilẹ̀, mo wo ẹ̀yìn pátákó, mo gbọn ẹ̀wù. Ẹnì kan ní kí n ṣí fìlà. Mo ṣí i. Ó wà níbẹ̀.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, Mama kò sọ ìdáhùn kan ṣoṣo. Ìbéèrè nìkan ni wọ́n béèrè, àwọn ọmọ ló ń ṣírò. Ohun tí mo fàlà sí abẹ́ rẹ̀ nínú ìwé gan-an!

Ẹ jẹ́ kí n fi àwàdà sílẹ̀ díẹ̀, torí inú ń bí mi. Mo wọ yunifásítì, mo jáde, kò sí ẹnì kan tó jókòó tì mí rí kó sọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ẹjọ́ mi. Pọ́tà á gbé e jáde, àwa á kígbe tàbí ká sunkún. Lẹ́kíṣọ́rà tí wọ́n yàn pé kó máa gbà wá níyànjú, ọmọ rẹpẹtẹ ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ọjọ́ tó bá fẹ́ buwọ́ lu fọ́ọ̀mù nìkan la máa ń rí i, kì í tilẹ̀ gbójú sókè. Ọ́fíìsì ìgbaniníyànjú sì rèé, ẹni tó bá yà síbẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á máa bi í pé kí ló ṣe é. Ní ọ̀pọ̀ ibi, F tí ọmọ gbà ní ọdún kìn-ín-ní ò ní kúrò nínú ìṣirò, bó tilẹ̀ tún kóòsì náà ṣe tó sì yege. Òdo náà á jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú yúnìtì rẹ̀. Ìgbà tí ọmọ bá dé ọdún kẹta ló ń gbọ́. Ta ni ìyẹn ń ṣe láǹfààní?

Mo ti ń ká bánà mi nígbà tí Mama tún nàka. Wọ́n ní two-one wà ní 3.50, ọmọ wà ní 3.40, símẹ́sítà tó ń bọ̀ ní yúnìtì 20; èló ló kù kó mú wá? Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin kan kígbe: yúnìtì yóò di 60, 60 ní 3.50 jẹ́ 210, ó ti ní 136, ó ku 74. Ẹlòmíràn fi 20 pín in. 3.70.

Wọ́n ní kí n wá wò ó bóyá ó tọ́. Mo ní kí wọ́n bi Mama.

Ìyá ọmọ náà di owó rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ aṣọ, ó ní: "Ibí ni yóò wà. Bí 3.70 bá dé, Mama ni màá ná. Tíṣà, ẹ lè wá bá wa pàtẹ́wọ́."